Ìka Márùn-ún Lára Ẹ́ńjìnnì Bàbá Mi

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ohun tí mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ nìyẹn, torí pé èyí tí mo máa sọ tẹ̀ lé e lè mú kí ẹlòmíì rò pé n kì í gbàdúrà. Mo ń gbàdúrà. Ilé ìwé ìjọ ni mo lọ ní Yábàá, kíláàsì ọjọ́ Ìsinmi ni mo ti mọ ìwé Yorùbá kà, àti títí di òní, bí mo bá jí láàárọ̀, kí n tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ tútù ìlú yìí, mo máa ń ka ohun mẹ́ta tí mo fẹ́ dúpẹ́ lé lórí. Lọ́dún tó kọjá, fún odidi oṣù kan, n kò pààrọ̀ ẹ̀kẹta: mo ń dúpẹ́ pé ojú ti Ẹ̀gbọ́n Kúnlé ní gbangba, àti pé bàbá mi fi etí ara wọn gbọ́ ọ.

Òtútù kọ́ ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nígbà tí mo dé Ìlú Ọba. Wọ́n ti sọ ti òtútù fún mi. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ ni pé mo lè máa wọ bọ́ọ̀sì kan náà pẹ̀lú obìnrin kan náà fún oṣù mẹ́rin, kí èjìká wa máa kan ara wọn, kí ó má sì mọ̀ pé mo wà láyé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé, mo kúnlẹ̀ kí ìyá arúgbó kan ní ibùdókọ̀. Ó rò pé nǹkan mi ló jábọ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó sì ń bá mi wá a nílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Kúnlé ló bá mi wá iṣẹ́. Ìjọ kan náà la ti wá. Ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ ní Sábó, bẹ́ǹṣì kan náà sì ni ìyá náà àti bàbá mi máa ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti lo ọdún mẹ́jọ níbí kí n tó dé. Ó gbà mí sí pálọ̀ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ra kóòtù fún mi, n kò ní fi ìyẹn pamọ́. Ó wá mú mi lọ síbi tó ti ń ṣiṣẹ́, ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta rélùwéè kékeré: ojú irin tí kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ, ilé ìdúró tí kò ju páálí bàtà, àti ẹ́ńjìnnì tó gùn bí àtẹ́lẹwọ́ méjì tí a tò. Mo pè é ní ohun ìṣeré ọmọdé. Ọmọdé kankan kì í wọ ibẹ̀. Àwọn bàbá tó ti fẹ̀yìn tì ló ń wá, wọ́n á sì dúró síwájú ẹ́ńjìnnì kan bí ẹni tó wà níwájú pẹpẹ.

Ilẹ̀ gbígbá àti ẹrù dídì ni wọ́n gbà mí fún. Yàrá kan wà lẹ́yìn tí Ẹ̀gbọ́n Kúnlé jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀. Nínú yàrá yẹn ni wọ́n ti ń sọ ẹ́ńjìnnì tuntun di ògbólógbòó. Oníbàárà á gbé èyí tó ń dán wá, á ní òun fẹ́ kó rí bí èyí tó ti fi ogún ọdún ṣiṣẹ́ nínú òjò àti èéfín. Wọ́n á fi ọ̀dà tí wọ́n ti bu omi là kun ún, wọ́n á fi òwú nù ún kó lè kù sí kọ̀rọ̀, wọ́n á wá fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ lẹ ìyẹ̀fun aláwọ̀ ìpẹtà àti ti eruku mọ́ ọn lára.

Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọdún mẹ́fà ni mo fi po ọ̀dà ní Muṣin fún àwọn tó ń kun mọ́tò. Mọ́tò tó ti fẹnu gbá ògiri ni wọ́n ń gbé wá bá wa, a ó sì sọ ọ́ di èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ọkọ̀ ojú omi sọ̀ kalẹ̀. Mo wá fi ilé sílẹ̀, mo wá bá àwọn tó ń ba tuntun jẹ́.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n ń sanwó kí nǹkan wọn lè dọ̀tí ni?”

“Owó gidi. Má fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Gbá ilẹ̀ ẹ.”

Mo ń gbá ilẹ̀, ṣùgbọ́n mo ń wo iṣẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ náà kò dáa. Ó ń bu ìpẹtà wọ́n ara ẹ́ńjìnnì bí ẹni ń wọ́n yàjì sórí súyà. Bí mo ṣe mọ̀ ni pé ọgbọ̀n ọdún ni bàbá mi fi fọ ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n fi kùn ún, nínú ọgbà rélùwéè ní Ẹ̀búté Mẹ́ta. Bí mo bá jáde ní ilé ìwé, èmi ni mo máa ń gbé oúnjẹ lọ fún wọn. Bí wọ́n bá ti ń jẹun, wọ́n á máa fi ṣíbí tọ́ka sí ẹ́ńjìnnì: “Wo ibẹ̀ yẹn. Ìdọ̀tí kì í ṣèèṣì dé ibi tó wà. Bi í léèrè ọ̀nà tó gbà wá.” Mo mọ ibi tí òjò ń gbà ṣàn sọ̀ kalẹ̀. Mo mọ̀ pé irin tí ọwọ́ èèyàn ń dì mú lójoojúmọ́ kì í dípẹtà, ńṣe ló máa ń dán.

Lọ́jọ́ kan, Ẹ̀gbọ́n Kúnlé lọ jẹun. Mo mú búrọ́ọ̀ṣì, mo tún ọ̀kan ṣe. Nígbà tí ẹni tó ni ín dé, ó di àyà mú, ó ní bàbá òun wa irú rẹ̀ gan-an. Ó bọ Ẹ̀gbọ́n Kúnlé lọ́wọ́ títí. Ẹ̀gbọ́n Kúnlé wò mí láti orí èjìká bàbá náà. Ní ọjọ́ kejì, ó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó sì ti ilẹ̀kùn yàrá náà mọ́ àwa méjèèjì.

“Òyìnbó ò ní gbé nǹkan bàbá ẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ṣé ó yé ẹ? Ìwọ máa ṣe é, èmi á máa gbé e jáde. Jẹ́ kí orúkọ mi gbé ẹ ná.”

“Títí di ìgbà wo, Ẹ̀gbọ́n?”

“Wò ó, ta ló mú ẹ wá síbí? Bí kì í bá ṣe tèmi, Muṣin lo ṣì máa wà, tí wàá máa fi pẹtiróòlù fọ ọwọ́.”

Mo ní, “Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n.” Ohun tó ń dùn mí jù títí di òní nìyẹn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọdún méjì ni mo fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìyẹ̀fun pupa tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù kò pupa tó lójú mi, nítorí náà mo po tèmi: mo fi dúdú díẹ̀ àti yẹ́lò díẹ̀ sí i títí ó fi di àwọ̀ erùpẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní Yábàá. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo ẹ́ńjìnnì tó ti abẹ́ ọwọ́ mi jáde ló ní díẹ̀ nínú rẹ̀ lábẹ́ ikùn. Ẹnikẹ́ni kò pè mí sílé rẹ̀ rí ní ìlú yìí, kódà láti wá mu omi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú, bí mo bá jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wọn, tí mo ń fi Yorùbá kọ orin tí àwọn ń fi èdè tiwọn kọ, mo máa ń rò ó pé: mo ti wà nínú pálọ̀ yín. Erùpẹ̀ àdúgbò mi ń yí po lórí tábìlì yín, ẹ sì ń pe ọ̀rẹ́ yín wá wò ó.

Lọ́jọ́ Sátidé ni mo máa ń pe ilé. Àbúrò mi, Bísí, ló máa ń di fóònù mú, torí pé ojú bàbá mi ti ń ṣe bàìbàì.

“Bàbá, níbo ni epo ti máa ń jò lára ẹ́ńjìnnì yín?”

“Èwo nínú wọn?”

“Mẹ́tàdínlógún.”

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Nọ́ńbà Mẹ́tàdínlógún ni wọ́n fọ jù. “Apá ọ̀tún, lẹ́yìn táyà kejì. Ó máa ń jò bí imú ọmọdé. A ò rí i dí títí mo fi kúrò níbẹ̀.”

Bísí á ní, “Bàbá, ẹ sún mọ́ fóònù, wọn ò rí yín.”

“Ṣé ojú mi ló fẹ́ rí ni? Epo ló ń bi mí.”

Nígbà tí ọ̀gá wa, Òyìnbó arúgbó tó ni ṣọ́ọ̀bù, sọ pé ìpàtẹ ńlá kan ń bọ̀ ní gbọ̀ngàn ìlú, níbi tí wọn yóò ti yan ẹ́ńjìnnì tó jọ ti gidi jù, mo mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Mo wá ara ẹ́ńjìnnì kan tó ti kán nínú àpótí àfọ́kù, mo gé e, mo lẹ̀ ẹ́, mo kùn ún. Àkókò ìsinmi mi ni mo fi ṣe é fún oṣù mẹ́rin. Mo fi epo sí apá ọ̀tún lẹ́yìn táyà kejì. Mo jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ òsì pupa ju ọ̀tún lọ. Mo jẹ́ kí ibì kan dán lábẹ́ fèrèsé awakọ̀, níbi tí àwọn dírẹ́bà máa ń gbé ìgbúnwọ́ lé.

Ẹ̀gbọ́n Kúnlé wò ó, ó yínmú. “Ta ló fẹ́ wo rélùwéè Nàìjíríà? Ibí yìí ń dán, o ò rí i? O gbàgbé láti kun ibẹ̀.”

Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀gá wa rí i, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó. Ó kọjú sí Ẹ̀gbọ́n Kúnlé, ó ní, “O ti ju ara rẹ lọ lọ́tẹ̀ yìí.” Mo dúró níbẹ̀. Mo ń retí kí Ẹ̀gbọ́n Kúnlé sọ pé èmi ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́.

Bàbá mi ti sọ fún gbogbo ìjọ. Wọ́n ti ní kí Bísí ya owó dátà sọ́tọ̀, pé Sátidé yẹn àwọn máa fi fóònù wo Nọ́ńbà Mẹ́tàdínlógún, àti orúkọ ọmọ àwọn tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní ní gbogbo ọgbọ̀n ọdún yẹn, àwọn kò rí ibi kankan tí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó fọ ẹ́ńjìnnì sí rí. “Tìrẹ ló máa jẹ́ tèmi.”

Ní ọ̀sán Jímọ̀, ó ku ohun kan ṣoṣo kí iṣẹ́ náà parí. Ìyẹ̀fun tí a fi búrọ́ọ̀ṣì lẹ̀ dà bí páúdà ojú: bí a kò bá fọ́n fáníṣì lé e, ìka tó bá kàn án ló máa kó o lọ. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí kì í fọwọ́ kan ara ẹ́ńjìnnì. Abẹ́ ikùn, níbi táyà, la ti ń gbé e. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti sọ fún Ẹ̀gbọ́n Kúnlé, kò kọ́ ọ rí, ńṣe ló máa ń ki ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀ láti òkè bí ẹni tó mú ìgò minira.

Mo ti mú agolo fáníṣì dání nígbà tí mo rí káàdì tí wọ́n máa gbé síwájú rẹ̀. Orúkọ Ẹ̀gbọ́n Kúnlé ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, orúkọ yín ni mo rí níbí.”

“Ẹ̀n-ẹ́n. Èmi ni wọ́n mọ̀.”

“Ẹ́ńjìnnì bàbá mi ni.”

“Bàbá ẹ ló rà á? Ẹni tó ń fọ ọkọ̀ ìjọba ló ń sọ pé tòun ni?” Ó fọwọ́ gbá mi léjìká pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. “Fọkàn balẹ̀, jàre. Bí mo bá gbé ipò kìíní, màá dárúkọ ẹ nínú ọ̀rọ̀ ọpẹ́.”

Ó jáde. Mo wo agolo tó wà lọ́wọ́ mi. Mo ṣí dúrọ́ọ̀, mo dá a padà síbi tí mo ti mú un, mo sì tì í.

Mo gbàdúrà nínú bọ́ọ̀sì. N kò ní purọ́ fún yín, n kò bẹ Ọlọ́run pé kó rọ̀ mí lọ́kàn. Mo ní, “Olúwa, ẹ̀san ti Yín ni, mo mọ̀. N kò fọwọ́ kàn án. Mo kàn fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ láìtì ni.”

Lọ́jọ́ Sátidé, gbọ̀ngàn náà kún. Ọ̀gá wa ló gbé ẹ́ńjìnnì náà dé orí tábìlì, níbi táyà ló sì ti gbé e, bó ṣe yẹ. Mo dúró lẹ́yìn okùn pẹ̀lú àwọn èèyàn, mo pe ilé, mo yí fóònù síta. Ẹ̀gbọ́n Kúnlé wọ kóòtù aláwọ̀ ewé. Àwọn adájọ́ mẹ́ta ló ń yí kiri, obìnrin kúkúrú kan sì ni olórí wọn.

Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú Nọ́ńbà Mẹ́tàdínlógún, kò sì tètè nàró. Ó ní, “Èyí dára gan-an. Kí ló dé tí ẹ̀gbẹ́ kan fi pupa ju èkejì lọ?”

Ẹ̀gbọ́n Kúnlé ní, “Afẹ́fẹ́ ni. Afẹ́fẹ́ Áfíríkà máa ń le.”

“Ibí tó ń dán yìí ńkọ́?”

“Níbo?” Ó na ọwọ́. Mo rí ọwọ́ náà bó ṣe ń lọ. Mo lè pariwo. N kò pariwo. Ó ki ẹ́ńjìnnì bàbá mi mọ́lẹ̀ láti òkè, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó wá gbé e sílẹ̀.

Ìka márùn-ún ló wà lára rẹ̀. Àtàǹpàkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, ó mọ́ kedere débi pé ẹ lè ka ilà ọwọ́ rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pọ́n wẹ́ẹ́ bí ẹni tó ń gbẹ́ ilẹ̀ kànga. Àwọn èèyàn tó yí wa ká mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí pé kò sí ẹnìkan nínú wọn tí kò mọ̀ pé a kì í mú un bẹ́ẹ̀.

Láti inú fóònù mi, ohùn bàbá mi ta jáde: “Bísí, kí ló dé tí gbogbo wọn dákẹ́?”

“Bọ̀dá Kúnlé ló fọwọ́ gbá ẹ́ńjìnnì mú lórí, Bàbá. Gbogbo ìyẹ̀fun ara ẹ̀ ti ṣí!”

“Ta ló bí i dáadáa tí ń mú ẹ́ńjìnnì lórí?”

Ẹ̀gbọ́n Kúnlé gbọ́ Yorùbá náà. Ó wá ojú mi kàn. “Kí lo ṣe sí nǹkan yìí? Kí lo ṣe?” Òógùn ti bò ó. Ó yíjú sí olórí adájọ́, ó sì fi èdè tí gbogbo wọn gbọ́ sọ ọ́ pé, “Ọmọbìnrin yẹn ló fà á. Òun ni kò fi fáníṣì parí rẹ̀!”

Obìnrin náà wò ó. Ó wo káàdì. Ó wò mí. Ó ní, “Ṣé òun ló máa ń parí rẹ̀ ni?”

Ọ̀gá wa, tó dúró lẹ́yìn rẹ̀, bọ́ awò ojú rẹ̀.

Obìnrin náà ní kí n bọ́ sínú okùn. Ó bi mí ní ìbéèrè kan náà. Mo ní ẹni tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ wà lórí fóònù, mo sì ń túmọ̀ bí bàbá mi ti ń sọ̀rọ̀: pé ibì kan náà ni Mẹ́tàdínlógún máa ń dúró sí nínú ọgbà, ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ kọjú sí ilẹ̀ tí wọn kò da ọ̀dà sí, bí òjò bá sì ti ń rọ̀, ẹrẹ̀ pupa á máa ta sí i lára. Pé ibi tó ń dán, ìgbúnwọ́ dírẹ́bà ni. “Sọ fún ìyá yẹn pé mi ò lè fọ ibẹ̀ kó dọ̀tí láéláé.” Mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì mú bírò, ó pa orúkọ tó wà lórí káàdì rẹ́, ó ní kí n kọ tèmi. Bísí ka orúkọ náà sókè fún bàbá mi, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

A kò gba ipò kankan. Ẹ́ńjìnnì tí ìka ti bà jẹ́ kì í gba ipò. Ọ̀gá wa sọ fún mi nígbà tó yá pé ì bá ti gbé ipò kìíní. Mo mọ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé e sọnù, bó bá sì tún di ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, màá tún ti dúrọ́ọ̀ yẹn pa.

Yàrá ẹ̀yìn ti di tèmi. Ẹ̀gbọ́n Kúnlé kó lọ sí ìlú mìíràn kí oṣù tó parí, ó ní òtútù ibẹ̀ kò bá òun lára mu, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Ìyá rẹ̀ pè mí láti Sábó.

“Ọmọ mi, èmi ni mo ń bẹ̀bẹ̀. Onígbàgbọ́ ni ẹ́. Ṣé o lè dárí jì í?”

“Mo ti dárí jì wọ́n, mà.”

Òótọ́ ni. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ṣe é, mo sì dárúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo dìde, mo gbé Mẹ́tàdínlógún wá síwájú mi. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ì bá gbà mí láti fi ìyẹ̀fun bo ibẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Mo mú agolo jáde nínú dúrọ́ọ̀. Mo fọ́n fáníṣì lé e lórí, ẹ̀ẹ̀mẹta, tìka-tìka. Ó gbẹ. Ohunkóhun kò lè ṣí i mọ́.

Ará ìjọ wa kan tó ń lọ sílé ló bá mi gbé e dé Yábàá. Lọ́jọ́ tí wọ́n tú u, Bísí gbé fóònù lé orí tábìlì, mo sì ń wo bàbá mi bí wọ́n ṣe ń fi ìka kàn án kiri nítorí ojú wọn. Wọ́n rí ibi tí epo ń jò. Wọ́n rí ìgbúnwọ́ dírẹ́bà. Wọ́n wá dúró.

“Ibí yìí ń yọ̀. Ọwọ́ kì í dé ibí yìí.”

“Ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n Kúnlé ni, Bàbá.”

Wọ́n to ìka tiwọn lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi pé márùn-ún.

“O ò tún un ṣe?”

“N kò tún un ṣe, sà.”

Mo rò pé wọ́n fẹ́ wàásù fún mi. Wọ́n pe Bísí, wọ́n ní kó kó àwọn fọ́tò kúrò lórí àpótí tẹlifíṣọ̀n, kó gbé ẹ́ńjìnnì náà síbẹ̀, kí ẹ̀gbẹ́ tó ní ìka mẹ́rin kọjú sí àga àlejò.

Wọ́n ní, “Ìyá Kúnlé máa ń yà wá kí mi bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé.”

Mo ní kí wọ́n bá mi kí wọn dáadáa.